Ọwọ́ tí Wọ́n Ní Ìyá Àgbà Fi Súre

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó jẹ ẹ́ tán ná, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò fẹ́ kí eyín máa pariwo lé e lórí. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé oorun ń kun òun, kó kúkú lọ sùn. Èmi kì í bínú sí ẹni tó bá dìde. Ẹni tó jókòó tí kò gbọ́ ni mo máa ń bínú sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ọ̀rọ̀ fọ́tò ni, ọ̀rọ̀ ilé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí wọn, ní Japara sì ni. Mi ò ní kánjú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti kú, ilé náà ṣì wà lórí ìdúró.

Nígbà ayé Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí kòkó Mamu ṣì ń sọ àgbẹ̀ di ọlọ́là, tí ọkọ̀ agégẹdú ń fi ojoojúmọ́ la Ìjẹ̀bú-Igbó kọjá, kò sí ilé kan ládùúgbò wa tí kò fẹ́ ní lọ́yà tàbí dókítà. Ọmọ tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀, wọ́n á ti máa kí i ní "Lọ́yà, ẹ káàárọ̀." Èmi rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Fọ́tò ni mo kọ́ níbẹ̀. Dìgírì ni mo gbà nínú rẹ̀ o, odindi dìgírì, pẹ̀lú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ àti fìlà onígun mẹ́rin.

Ẹ má rò pé àwọn ará ilé nìkan ni mo fẹ́ gàn. Ẹ̀gàn tí mo ní pọ̀ tó í pín kárí. Olùkọ́ wa àgbà níbẹ̀, ọkùnrin ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kó má sọ fún wa pé kámẹ́rà kì í purọ́. Mo wá mú fọ́tò ìbejì kan láti ilé lọ fi hàn án. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀: tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á fi fíìmù méjèèjì tẹ orí ìwé kan ṣoṣo, kí ìyá wọn lè rí àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọkùnrin yìí wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀tàn ni, pé àwọn èèyàn tí kò lajú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, kò tíì gbá ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ mì, ó kó pẹ́ńsù lé wa lọ́wọ́, ó ń kọ́ wa bí a ó ṣe pa ìhunjọ ojú àwọn obìnrin òṣèré rẹ́ lára fíìmù. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn ní tirẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni.

Kí ni mo wá kọ́ gan-an? Mo kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú ihò kékeré wọlé tó ń dorí gbogbo nǹkan kodò. Ọdún mẹ́rin ló gbà wọ́n láti sọ ìyẹn fún mi. Bẹ́ẹ̀, ihò kan wà lára fèrèsé onípákó yàrá Ìyá Àgbà. Tí oòrùn bá ti mú, tí a bá ti fèrèsé, àwọn ewúrẹ́ tó ń kọjá níta á máa fi ẹsẹ̀ sókè rìn lára ògiri. Mi ò tíì kọlà tí mo ti ń wò wọ́n. Wọn ò fún mi ní dìgírì nígbà náà.

Mo padà délé. Ẹbí péjọ sí Japara láti kí mi káàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá láti ìhà Abigi, létí omi, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, àti ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ó wọ kótù nínú oòrùn ọ̀sán. Ó fi abẹ la ojú ọ̀nà kan tóóró sí apá òsì orí rẹ̀ bíi ti òyìnbó; ojú ọ̀nà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé.

Ó ní, "Ọmọ wa, kí lo kọ́ bọ̀?"

Mo ní, "Fọ́tò ni, Bọ̀dá."

"Fọ́tò wo? Èyí tí dókítà fi ń wo egungun?"

"Rárá o, Bọ̀dá. Fọ́tò yíyà."

"Yíyà báyìí? Ká jókòó, ká má mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ yín kọjá òkun láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé 'ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀'!"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Àwọn tí kò mọ ibi tí Amẹ́ríkà wà rẹ́rìn-ín jù. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bó obì rẹ̀ lọ, ó ní, "Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan ni ọkọ mi lọ kọ́, ó dáa. Tíṣà, ìwọ tó ò kọ́ ọ, ìgbà wo lo wò mí gbẹ̀yìn?"

Tíṣà wúkọ́. Ó bèèrè omi.

Ìbéèrè yẹn kò ṣẹ̀yìn ìdí. Àbúrò ìyá mi obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló ń gbé pẹ̀lú Ìyá Àgbà. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bu omi àlùwàlá fún un, òun ló ń gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ kó lè rí ẹni tí yóò bú. Tíṣà kò ju ẹni tó ń kọjá lọ sí ìpàdé, tó máa ń fọn fèrè ọkọ̀ lójú títì, tí á ní òun ń kánjú.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò sí Àgọ́-Ìwòyè. Ìyá Àgbà kò gbà kí n ya òun. Ó ní òun kì í ṣe ọba, òun ò sì tíì kú. Lọ́jọ́ kan tó ń ṣa obì lọ́dẹ̀dẹ̀, mo yà á láìsọ fún un. Ojú rẹ̀ rọ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó fẹ́ ju èyí tí kòkòrò ti jẹ sínú agbọ̀n. Fọ́tò kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ fún ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú. A sin ín lọ́jọ́ náà bí ìlànà Mùsùlùmí. Tíṣà kò dé. Ó ránṣẹ́ pé omi kún ojú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Eruku ń sọ wá lójú nígbà tí oníṣẹ́ ń jíṣẹ́.

Ilé wá kù. Ìyá Àgbà ló fi òwò obì kọ́ ọ fúnra rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni ẹbí yóò tẹ̀ lé. Àǹtí mi tó tọ́jú rẹ̀ ní Ìyá sọ fún òun pé kí òun máa gbé ibẹ̀ títí ayé òun, ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́rìí kankan níbẹ̀. Tíṣà ní òun ni àkọ́bí, pé òun ti bá oníṣòwò gẹdú kan sọ̀rọ̀, wọ́n á wó o, wọ́n á máa to pákó síbẹ̀. Àǹtí mi kò ní ibòmíràn láyé tó lè gbórí lé. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn fidáù.

Ṣáájú fidáù ni mo rí kótù Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi.

"Fọtogíráfà," ó pè mí báyẹn, "mo níṣẹ́ fún ọ. Ṣé o mọ bí ẹ ṣe ń ṣe ti ìbejì?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá."

"O ya Ìyá níbi tó ti na ọwọ́. Màá kúnlẹ̀, wàá yà mí. Kí o wá so wá pọ̀, kí ọwọ́ yẹn bọ́ sórí mi. Agbọ̀n obì yẹn, pa á rẹ́."

Mo wò ó. Mo ní, "Ẹ fẹ́ kí òkú súre fún yín."

"Ó ti súre fún mi nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀rí ni mo fẹ́. Tó ò bá ṣe é, fọ́tò Ìyá wà lọ́wọ́ mi, ẹnìkan ní Ìjẹ̀bú-Òde á ṣe é kí n tó mu omi tán."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni yẹn á sì ṣe é kó dán. Mo rò ó pé tí irọ́ yóò bá wọ ilé ìyá ìyá mi, ó sàn kó gba ọwọ́ mi wọlé.

Mo ní kó kúnlẹ̀. Ó tẹ́ hańkáṣíìfù sílẹ̀ kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà dọ̀tí. Ẹni tó fẹ́ gba ìre ìyá tó bí i nìyẹn. Mo ní kó kọjú sí ibí. Ó kọ̀. Ó ní apá ọ̀hún lòun fẹ́ kọjú sí, kí ojú ọ̀nà orí òun lè hàn.

Mo ní, "Bọ̀dá, tí ẹ bá kọjú sọ́hùn-ún, ẹ̀yìn yín ni Ìyá máa bọ́ sí. Á di dandan kí n yí fíìmù tiwọn padà. Fíìmù tí a bá sì yí, bíi dígí ló máa..."

"Ṣé fọ́tò lo fẹ́ kọ́ mi ni?" Ó ti ń bínú. "Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ tó ju ọ lọ? Yí i! Ayàwòrán kì í jiyàn. Tẹ kiní yẹn, kí n máa lọ."

Mo tẹ kiní yẹn. Ó lọ. Mo wọ yàrá òkùnkùn, mo yí fíìmù Ìyá Àgbà padà gẹ́gẹ́ bó ṣe pàṣẹ. Gbogbo ohun tí Amẹ́ríkà kọ́ mi ni mo lò, àti pẹ́ńsù àwọn obìnrin òṣèré. Kò sí bí ojú ṣe lè rí ibi tí mo ti so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ náà dára. Mo sì pa ẹnu mi mọ́, bí ayàwòrán tí kì í jiyàn.

Lẹ́yìn fidáù, ẹbí jókòó. Àǹtí mi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti di ẹrù rẹ̀ kan sínú yàrá, mo rí i. Tíṣà dìde, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, ó wá fa fọ́tò yọ. Ó ti fi gíláàsì bò ó. Ó ní, "Ẹ wò ó. Níbí ni Ìyá ti gbé ọwọ́ lé mi lórí, tí wọ́n ní, 'Ilé mi di tìrẹ.'"

Ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn ọkùnrin ń mi orí. "Áà, ó ṣe kedere." "Ìyá gan-an rèé." Olórí ẹbí pàápàá ti ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀ kó lè lọ jẹun. Ó wá kan àbúrò Ìyá Àgbà, arúgbó tó kẹ́yìn nínú ìran wọn. Ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, síbi ìmọ́lẹ̀.

Ó ní, "Ọwọ́ wo rèé?"

Tíṣà ní, "Ọwọ́ Ìyá ni."

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò fọ́jú. Mo ní ọwọ́ wo?"

Ẹnìkan na ọwọ́ tirẹ̀ síwájú bíi ti fọ́tò, ó tún fà á padà kíá bíi pé iná jó o.

Arúgbó ní, "Òsì ni. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í fi òsì gba omi lọ́wọ́ ọmọdé! Tíṣà, ìwé lo mọ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n, nítorí náà bá mi túmọ̀ rẹ̀. Tí fọ́tò yìí bá jẹ́ òótọ́, òsì ni ìyá rẹ gbé lé ọ lórí, gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n ń fi òsì ṣe sórí ọmọ. Kì í ṣe ìre. Tó bá sì jẹ́ irọ́, irọ́ ni. Mú ọ̀kan níbẹ̀."

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn gba ojú ọ̀nà orí Tíṣà. Ó yíjú sí mi. "Sọ fún wọn! Ìwọ lo yà á!"

Mo ní, "Bọ̀dá, èmi ò mọ̀ ju 'ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀' lọ."

Ó wo fọ́tò. Ó wo arúgbó. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ní òun ò gba èèwọ̀ gbọ́. Ló bá gbá orí ara rẹ̀ mú, ó ké: "Fọ́tò lásán ni! Ó parọ́! Ìyá ò fọwọ́ kàn mí rárá!"

Arúgbó ní, "Kó lè fọwọ́ kàn ọ́, ṣebí o ní láti wá."

Báyìí ni ó ṣe parí. Àǹtí mi ló ni ilé, ó sì tú ẹrù rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù pín igi obì tó wà lọ́nà Mamu. Arúgbó mú ọ̀bẹ tí Ìyá Àgbà fi ń bó obì. Fọ́tò yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Tíṣà dojú fọ́tò náà bo àyà, ó gbé e lọ sí Abigi. Nígbà tí òun náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ jogún rẹ̀. Ó wà ní pálọ̀ wọn títí dòní, wọ́n sì ń fi han àlejò pé, "Ẹ wo bí ìyá bàbá wa ṣe súre fún bàbá wa." Yunifásítì ni gbogbo wọn lọ. Kò tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó wo ọwọ́ náà.

Èmi? Nígbà tí Àǹtí mi fẹ́ fi gíláàsì sí fèrèsé yàrá Ìyá Àgbà, ó yọ pákó àtijọ́ náà, ó gbé e fún mi pẹ̀lú ihò ara rẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Dìgírì mi náà wà níbì kan. Mi ò rántí ibẹ̀.