Lórí Itan Àǹtí Lucy

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kẹ́nikẹ́ni tó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò: Folúkẹ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Tísà ni ní Okitipupa, àpò ara rẹ̀ ló ti máa ń yọ owó bí bẹ́ǹṣì ilé ìwé bá kán. Ọmọ Ìkìrun ni, ó fẹ́ Ọlátúndé Aníwúrà, ọmọ Ìkálẹ̀ láti Àjàgbà, ó sì ti bá a gbé ọdún mẹ́wàá láìsí pé ará àdúgbò gbọ́ ohùn wọn. Ṣùgbọ́n owú wà lára obìnrin yìí o! Kì í ṣe owú obìnrin ìta, Ọlátúndé ò tilẹ̀ ráyè irú ìyẹn. Lucy, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń jowú, ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí ló sì ń torí ẹ̀ jowú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kò pẹ́ tí Folúkẹ́ já Ìtẹ́olúwa lẹ́nu ọmú tó fi rí àyè sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Oǹdó, ọdún mẹ́ta gbáko. Àwọn ará ilé ọkọ ní kó gbé ọmọ wá sí Àjàgbà kí Lucy máa wò ó. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Inú rẹ̀ dùn nígbà náà, ó tiẹ̀ ra àǹkárá fún Lucy. Lucy ń ṣe púpurú tà, gbágùúdá tí wọ́n rẹ, tí wọ́n fún, tí wọ́n mọ rogodo, tí wọ́n wá gbé sórí iná títí ara rẹ̀ fi dúdú. Inú èéfín yẹn ni Ìtẹ́olúwa ti mọ ìrìn, inú rẹ̀ náà ló ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí Folúkẹ́ parí ìwé, tó lọ gbé ọmọ rẹ̀, ọmọ ti lé ní ọdún mẹ́rin, èdè Ìkálẹ̀ ló ń sọ geere. Ó wo ìyá rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì Bùsọ́lá."

Bùsọ́lá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ gbà mí, ọmọ tí èèyàn bí, tó tún wá ń fi orúkọ ọmọ mìíràn pè é! Folúkẹ́ rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó sunkún bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Kò pẹ́ sí i, ní oṣù kẹjọ ọdún 1996, iṣẹ́ ìjọba gbé Ọlátúndé lọ sí Àbújá, ó sì padà wá kó ìdílé rẹ̀. Kí ọmọ má baà ké láti Okitipupa dé ọ̀hún, ó ní kí Lucy bá wọn lọ, kó lo ọ̀sẹ̀ méjì. Folúkẹ́ ò sọ pé rárá. Àmọ́ ó bá ara rẹ̀ sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé kí ọkọ̀ tó wọ Àbújá, orí itan òun ni Ìtẹ́olúwa máa wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bí Lucy bá fi ọmọ yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlá, ọmọ á máa wo òun bí ẹni tó jí i gbé.

Láàárọ̀ tí wọ́n ń di ẹrù, Lucy gbé ọ̀rá dúdú kan wá. Ó ti gún púpurú, ó ti jọ̀ ọ́, ó kù kí wọ́n rò ó. Ó fi ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ sínú fúláàsì tì í.

"Ìyàwó, oúnjẹ Ìtẹ́ rèé o. Omi gbígbóná nìkan la máa bèèrè lọ́nà. Bó bá ti wà nínú ọkọ̀, kì í fi ẹnu kan nǹkan mìíràn."

"Ẹ ṣeun, Adúmáadán," ni Folúkẹ́ wí, ó sì gbà á. Adúmáadán ni orúkọ tó sọ Lucy láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, nítorí ìyàwó ilé kì í la orúkọ mọ́ ọmọ ilé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Lucy wọlé lọ wọ bàtà. Folúkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé ọ̀rá àti fúláàsì padà sí ilé ìdáná, ó kó wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ebi á pa ọmọ, á sì gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ohun tó rò nìyẹn. Ẹ bá mi wo ọgbọ́n tísà!

Iwájú ló kọ́kọ́ jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú Dátsun wọn. Nínú dígí ló ti ń wo ọmọ rẹ̀ lórí itan Lucy, tó ń ka ọkọ̀ agbégi pẹ̀lú rẹ̀. Lucy á sọ̀rọ̀ kan ní Ìkálẹ̀, ọmọ á fò sókè, Ọlátúndé á dá sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bú sẹ́rìn-ín. Folúkẹ́ ò gbọ́ ju ààbọ̀ lọ. Ní Òrè, ó ra búrẹ́dì gbígbóná, ó nà án sẹ́yìn. Ìtẹ́olúwa mi orí. Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀wọ̀, ara Folúkẹ́ ò gbà á mọ́.

"Mo fẹ́ jókòó sẹ́yìn."

"Ìwọ tí èébì máa ń gbé?" ni Ọlátúndé wí.

"Kó gbé mi."

Bùsọ́lá, ọmọ ọdún méje, ti fò síwájú kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, ó gbé apá lé fèrèsé bí alága káńsù. Folúkẹ́ wọ ẹ̀yìn, ó la apá méjèèjì, ó ní, "Ìtẹ́ mi, wá sọ́dọ̀ mi." Ọmọ yí ojú sí abẹ́ apá Lucy.

"Lọ bá mọ́mì ẹ," ni Lucy wí, ó rọra tì í. Ìtẹ́olúwa tún wọ abẹ́ apá rẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Lucy mà gbìyànjú o, àmọ́ ìtìjú ìyẹn tún wá burú fún Folúkẹ́ ju pé kó di ọmọ mú lọ. Ta ló fún onípúpurú láṣẹ láti máa fi ọmọ olọ́mọ ta òun lọ́rẹ?

Ìkàrẹ́ ti wà lẹ́yìn wọn nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ebi. "Fara balẹ̀," ni Lucy ń wí, "púpurú ẹ wà nínú búùtù, mo gbé e dání." Bó ṣe ń wí nìyẹn títí wọ́n fi dé Kàbbà, tí wọ́n dúró níwájú ilé olóúnjẹ kan. Lucy bọ́ sílẹ̀, ó tọrọ omi gbígbóná, ó ṣí búùtù. Ó tú àpótí, ó tú garawa, ó kó aṣọ sórí koríko tútù. Ìtẹ́olúwa dúró tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Lucy, wọ́n mọ̀ ẹ́ sí i!" ni Ọlátúndé jágbe. "Nǹkan kan ṣoṣo tí ọmọ ń jẹ, o gbàgbé ẹ̀!"

Lucy yíjú sí Folúkẹ́. "Ìyàwó, ṣebí ọwọ́ rẹ ni mo kó o lé?"

Folúkẹ́ ṣì lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ká ní ó sọ ọ́ níbẹ̀, ariwo ọjọ́ kan ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ń wò ó, ọmọ ń wò ó.

"Ọwọ́ mi kẹ̀? Ẹ ò kó nǹkan kan lé mi lọ́wọ́, Adúmáadán."

Lucy tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ padà. "Ó lè jẹ́ èmi ni mo gbàgbé," ló wí.

"Òpùrọ́ ni yín!" Ìtẹ́olúwa ni. Ó fi ìkúùkù kéékèèké lu itan Lucy, ó lù ú, ó lù ú. "Ẹ ní ẹ gbé e! Òpùrọ́!" Ó fi í sílẹ̀, ó sáré wọ ọkọ̀ níbi tí Folúkẹ́ ti lọ jókòó, ó gun orí itan rẹ̀, ó sì ya ẹnu. Folúkẹ́ já búrẹ́dì fún un. Ó jẹ ẹ́. Ó já òmíràn. Ó jẹ ìyẹn náà.

Mi ò ní bò ó fún yín, inú obìnrin náà dùn. Ọmọ náà wúwo, ara rẹ̀ ń run èéfín díẹ̀, òógùn rẹ̀ ń bọ́ sí i láyà, Folúkẹ́ ò sì fẹ́ kó sún kúrò rárá. Lucy jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó kọjú síta, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Ọlátúndé ò bá a sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ yẹn mọ́.

Ìtẹ́olúwa sùn, ó jí nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ Lọ́kọ́ja. Kò wo ọ̀dọ̀ Lucy. Ó fi ẹnu sí etí Folúkẹ́, ṣùgbọ́n ọmọdé ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́ ọ.

"Mọ́mì Bùsọ́lá, ẹ̀yin kì í parọ́, àbí?"

Ọwọ́ Lucy dúró lórí gèlè. Kò yíjú.

"Rárá, ọmọ mi," ni Folúkẹ́ wí, ó sì tẹ orí ọmọ náà mọ́ àyà, kó má baà gbójú sókè wò ó.