Kominiké Àyìsátù ará Odomèta

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025. Ènìyàn ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ló ti gbọ́ orin náà.

Orin ijó tí àwọn òyìnbó fi ẹ̀rọ ṣe ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tíráǹsì: ìlù kan náà, tí kì í sinmi, títí ojú oníjó yóò fi máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọdún 1996 ló jáde. Lọ́dún yìí wọ́n tún gbé e jáde, wọ́n ní ó wà lára àwọn tó pilẹ̀ irú orin bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìlù náà, obìnrin kan ń ké pé, “Máa bọ̀ wálé.” Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwo pé: ohùn Áfíríkà, a kò mọ ẹni tó ni ín.

Irọ́ ni. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, obìnrin náà dárúkọ ara rẹ̀: “Èmi Àyìsátù, ará Odomèta.” Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá ni yóò gbọ́ ọ. Wọn kò wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá.

Mo gbé fóònù mi, mo lọ sí Odomèta, ní agbègbè Kétu. Àyìsátù ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun àti Falilatou, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kejì, ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi. Mo gbé orin náà sí i fún wọn.

“Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ló ń dún báyìí, àbí kí ni?” Falilatou ní. Ohùn náà jáde. “Háà, Ìyá! Ẹ̀yin rèé! Ẹ ti di olórin, ẹ ò sọ fún wa!”

Àyìsátù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Kominiké mi nìyẹn.”

Ní 1995, Rachidi, àkọ́bí rẹ̀, wà ní oko kòkó kan ní Nàìjíríà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Òyìnbó kan gbé máíkì wọ ọjà Kétu. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbé máíkì, ará rédíò ni. Ará rédíò, kominiké là ń fún un, ìkéde tí wọn yóò kà lórí rédíò fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Àyìsátù fún un ní tirẹ̀: “Èmi Àyìsátù, ará Odomèta. Rachidi, bàbá rẹ ti kú, máa bọ̀ wálé.” Òyìnbó mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Àyìsátù fi odidi ọdún kan tẹ́tí sí rédíò ní wákàtí kominiké. Kò gbọ́ ọ. Ó ní bóyá ọjọ́ tí òun lọ sóko ni wọ́n kà á. Nígbà tí Rachidi kò dé, ó parí ọ̀rọ̀: ọmọ náà gbọ́, ó kọ̀. Ó fi ilẹ̀ tó jẹ́ ti Rachidi fún àbúrò rẹ̀. Ó ka orúkọ rẹ̀ léèwọ̀ nínú ilé. Ọgbọ̀n ọdún.

“Orúkọ Rachidi dà nínú ẹ̀?” ó bi mí.

“Wọ́n gé e kúrò, Ìyá. Ó jọ pé kò bá ìlù mu.”

“Ta ni wọ́n wá ń pè wálé?”

Falilatou kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ọmọ mi ò gbọ́ rárá,” ni Àyìsátù wí. Ó ní kí n tún gbé e sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ó ń tẹ́tí sí ibi tí orúkọ náà ìbá wà.

Ìwọ tó ń ka èyí, bóyá o ti jó sí i rí. Bóyá oko kòkó wà ní ìlú rẹ. Rachidi yóò ti tó ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Wá a. Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kú ní 1995, pé ìyá rẹ̀ ṣì ń pè é. Dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ọ̀rọ̀ náà, kí o sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ.