Ọ̀nà Tí Orúnkún Ìyá Mi Yóò Lè Gùn

Nígbà tí orúnkún ìyá mi kọṣẹ́, àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà di òkè tí wọn kò lè gùn mọ́. Inú ọkọ̀ mi ni wọ́n ń jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń gbọ́ ìwàásù. Bí ó bá di àkókò oúnjẹ Olúwa, àlùfáà á gbé e jáde wá bá wọn. Wọ́n á gbà á, wọ́n á ṣe àmín, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń lọ sílé, wọ́n á ní, "Níwájú pẹpẹ, láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, ni mo ti fẹ́ máa gbà á." Ó ń dùn mí wọra.

Ìjọ gbà láti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Bíríkìlà kan wà nínú ìjọ tí yóò darí iṣẹ́. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa ru yanrìn àti omi. Wọ́n fi ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Dùgbẹ̀ ṣe alága. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ gbogbo àwọn tí wọ́n kó sábẹ́ rẹ̀ ló tó bí i lọ́mọ. Bí ó bá pe ìpàdé, wọ́n á dúró de àgbà tí kò tíì dé, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á túká. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Koríko ti ń hù lórí yanrìn wa.

Inú bí mi. Mo sọ fún alága pé Nehemáyà inú Bíbélì kò fi ìpàdé mọ odi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Nehemáyà kò kúkú ní láti dọ̀bálẹ̀ kó tó bẹ èèyàn níṣẹ́, mà."

Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Lẹ́yìn náà, ó wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì wá lọ́jọ́ Sátidé."

Wọ́n lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ ń jíròrò lábẹ́ igi máńgòrò. Alága bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó mú ṣọ́bìrì, òun nìkan ń kó yanrìn. Nehemáyà tó jẹ́ gómìnà náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyá mi fi ọ̀pá ti ara wọn dìde, wọ́n sì nawọ́ sí garawa omi.

"Háà, Mama! Ẹ fún mi!" Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ló kígbe bẹ́ẹ̀.

Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun káwọ́ gbera níbi tí arúgbó ti ń ru omi? Bàbá tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, bíríkìlà ti tẹ́ kọnkéré tán.

Kọnkéré gbẹ, ni àwọn àgbà inú ìgbìmọ̀ bá fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Alága ní rárá, irin tí èèyàn yóò dì mú kò tíì sí.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹni tí a ṣe é fún kò tíì gùn ún."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kọ̀ sí àgbà lẹ́nu nìyẹn. Wọ́n sún ìdúpẹ́ síwájú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí irin ti wà níbẹ̀, ìyá mi dì í mú, wọ́n gun ọ̀nà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ti kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ fún oúnjẹ Olúwa. Ìyá mi dé àárín wọn, wọn kò lè kúnlẹ̀. Wọ́n dúró, ojú ń tì wọ́n. Ni ìyá tó wà lápá ọ̀tún wọn bá dìde. Tòsì náà dìde. Kí àlùfáà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, gbogbo àwọn ìyá náà ti dúró tì wọ́n. Ìyá mi tẹ́wọ́ gbà á. Mo sunkún, ojú kò tì mí.