Ẹyin Ẹja Inú Ike Áísìkiriìmù

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Nupe ni, ará Bida. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin rí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán ju ti àwọn ọmọ mi lọ. Látìgbà tí àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbogbo Sátidé la máa ń wọkọ̀ láti Kubwa lọ sí adágún Jàbí lọ ju ìwọ̀ sómi. Òun a pa ẹja. Èmi a bá a gbé e.

Ọdún mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀, n kò pa ẹyọ kan. Kì í bú mi o. Ìwọ̀ mi ló máa ń kí: "Sànnu, ẹ kú ìjókòó."

Nígbà tó wá sọ pé òun ń kó padà sílé, pé Sátidé tó ń bọ̀ ló kẹ́yìn, mo mọ̀ pé ó di dandan kí n pa ẹja kan lójú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí yóò máa sọ nípa mi ní Bida nìyẹn.

Òyìnbó kan nínú fóònù ní ẹyin ẹja dára láti fi dẹ ẹja ju ekòló lọ. Ó ní ká fi ìyẹ̀fun kan tí n kò mọ̀ pò ó; mo fi ohun tó wà nílé rọ́pò rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ sọ́jà ẹja ní Kado, mo ní kí obìnrin tó ń la ẹja àrọ̀ ta ẹyin inú rẹ̀ fún mi.

"Bàbá, ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fi sè?"

"Rárá. Ẹja ni mo fẹ́ fún jẹ."

Ó wò mí, ó fi ènì sí i.

Mo fi omi tútù ṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù. Iyọ̀ ṣíbí kan, ṣúgà ṣíbí kan, àti sóbò gbígbẹ tí mo gún kúnná kó lè pọ́n. Mo rọra pò ó, mo gbé e sí fìríìjì. Nígbà tó di àárọ̀, ó ti sun omi. Mo sẹ́ ẹ, mo sá a sórí ìwé ìròyìn lábẹ́ fáànù títí kò fi lẹ̀ mọ́wọ́ mọ́, mo wá dà á sínú ike áísìkiriìmù, mo dá a padà sí fìríìjì.

Ta ni kò mọ̀ pé ọbẹ̀ ló máa ń wà nínú ike áísìkiriìmù? Mo lẹ téèpù mọ́ ọn, mo kọ ọ́ gàdàgbà: E MA JE E. N kò fi àmì sí i. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ fáìlì ìjọba, ẹnì kankan ò béèrè àmì lọ́wọ́ mi rí. Mo lọ gẹrun.

Ìyàwó ọmọ mi, tí wọ́n bí sí Abuja níbí, tó ń ka Yorùbá bí ẹni ń sọdá títì márosẹ̀, ló kúnlẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì, ẹ ṣé gan-an o. A ti jẹ ẹ́."

"Ẹ jẹ kí ni?"

"Ẹyin ẹja yẹn. Mo fi ata àti àlùbọ́sà dín in. Ẹ̀yin lẹ ní ká máa jẹ ẹ́."

Ó mú téèpù náà wá. Mo kà á. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

"'Ẹ má' ni mo kọ."

"'Ẹ máa' ni mo kà, sà. Ẹ má bínú."

Èyí tó sọ lẹ́nu yìí, mo gbọ́ àmì orí rẹ̀ ketekete.

Ohun tó kù nínú páànù kò ju ṣíbí mẹ́ta lọ. Mo ní kó dì í fún mi.

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, Dádì."

"Ẹja ò ní mọ̀."

Ní Sátidé, mo fi òwú ìránṣọ so ó mọ́ ìwọ̀. Ọ̀rẹ́ mi rí àlùbọ́sà.

"Kai! Ọ̀gá, búrẹ́dì ló kù."

Mo ju ìwọ̀ sómi. Oòrùn kan àtàrí. Òun ti pa méjì. Ni okùn mi bá fà.

Ẹja àrọ̀ ni, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi gbé igi ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde dúró, kò rẹ́rìn-ín.

"Yauwa, ẹ kú iṣẹ́," ló wí. Ó yọ ẹja náà lẹ́nu ìwọ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ kọ bí ẹ ṣe ṣe é fún mi, kí n mú un lọ sílé."

Mo kọ gbogbo rẹ̀, tata talùbọ́sà. Mo fi àmì sórí, mo fi sábẹ́, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú fìlà. Yorùbá ẹnu ni tirẹ̀; kò mọ̀ ọ́n kà.