Orúkọ Tí Ẹnu Ìyàwó Kò Gbọdọ̀ Pè

Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò fi apá òsì sílẹ̀ kí ó máa gba apá ọ̀tún ni Tinúkẹ́, ìyàwó tuntun ilé Àkànó ní Igbó-Ọrà, ń wá iṣẹ́ kiri ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ìlú Tápà nítòsí ibẹ̀ ni, ó ka ìwé mẹ́fà tán. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ fún ní Èrúwà. Ó retí títí, kò gbúròó ẹnì kan.

Ẹ̀karùn-ún rèé, ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń ta páànù, aṣọ àti bàtà rọ́bà. Akínladé, akọ̀wé ibẹ̀, gba ìwé, ó kà á, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ìyá wo ló sọ ọmọ ẹ̀ ní 'Ọkọ mi Tíṣà'? Orúkọ onídùúró la ní kí o kọ síbí."

Tinúkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, sà. Wọ́n ti bí wọn sílé kí n tó dé."

"Mo gbọ́. Ìyàwó tèmi náà kì í pe orúkọ ará ilé mi. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni ọ̀gá wa ní Ìbàdàn, kò mọ èyí. Aago méjìlá la ó di gbogbo ìwé ránṣẹ́. Bí kò bá sí orúkọ, tìrẹ ò ní bá wọn lọ."

Àṣé ohun tó ṣe mẹ́rin ìyókù nìyẹn! Orí Tinúkẹ́ dàrú. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi omi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ pé orúkọ ọmọ ilé kò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹnu ni Màmá wí. Ta ló mẹ́nu ba ọwọ́?

"Sà, bí èèyàn bá kọ ọ́, ṣé ó ti pè é nìyẹn?"

Akínladé họrí. "Bàbá mi ò kọ́ mi débẹ̀."

Hàlímọ̀, obìnrin kan tó ń wọn bàtà wò, dá sí i. "Sọ ọ́ sí mi létí, kí èmi pè é síta fún un."

"Màmá, bí mo bá sọ ọ́ sí yín létí, ṣé n ò tíì pè é?"

"Háà! Ó tún rí bẹ́ẹ̀ o!"

Aago ń lọ. Tinúkẹ́ dìde, ó mú bírò. Ó kọ díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó tún kọ díẹ̀. Nígbà tó parí, Akínladé kà á sókè: "Japheth Àkànó!"

Kí Tinúkẹ́ tó mọ̀, eékún rẹ̀ ti kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi!"

Ẹ̀rín pa Hàlímọ̀, bàtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akínladé ki ìwé náà mọ́ àwọn yòókù, ó fi okùn dì wọ́n.

Nígbà tó délé, ìyá ọkọ rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ṣé wọ́n gba ìwé ọ̀hún?"

"Wọ́n gbà á, Màmá."

"A dúpẹ́. Kí ló wá ṣe ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún tí o fi ìborùn wé e?"

Tinúkẹ́ wo ọwọ́, ó wo Màmá. Ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn. "Màmá, ẹnu mi ò ṣẹ̀ o. Ọwọ́ ni."