Ife Mọ́ọ̀tì Tí Mo Gbà Lẹ́nu Ọkọ Mi

Òórùn mọ́ọ̀tì tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì ni mo fi ń rántí pálọ̀ wa ní àdúgbò Ṣàngó, lọ́dún tó kọ́kọ́ ń rẹ ọkọ mi. Ààfáà ilé-kéwú ni. Ojú rẹ̀ funfun, bó bá sì fẹ́ dìde kírun, ògiri ni yóò kọ́kọ́ dì mú. Ìwọ náà ṣáà mọ àwọn èèyàn wa, kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀.

Ta ni ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó? Èmi ìyàwó ni, àbí ta ni ìbá tún jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Alájà, sọ ọ́ lójú mi: "Ìyàwó, ṣé ẹran ń dé abọ́ ọmọ wa báyìí?" Èmi tí mò ń jí lọ ra ẹran lọ́jà Ìpàtà torí oúnjẹ rẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Ẹni tó bá wá kí i á gbé ògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí mọ́ọ̀tì dání, á sì dúró kó mu ún lójú òun. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í kọ ohun tí àgbà fi ṣàdúà fún un, ni ọkọ mi bá ń mu, inú sì ń run ún. Bí ẹ̀yìn bá tún dùn ún, wọ́n á ní kó lo ògùn ara ríro.

Ìgbà tó sú mi ni mo fà á lọ ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà obìnrin kan ṣàlàyé fún mi pé kíndìnrín rẹ̀ ló ti ń ṣàárẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́ jìnnà. Ó ní àìsàn yìí máa ń jẹ́ kí ìfun jò, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ máa yọ́ wọ ẹ̀jẹ̀, kí ara sì máa bá a jà láìsinmi.

Ó ní, "Èròjà irin tó ń di ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn, mà. Ìjà yẹn ló jẹ́ kí ara tì í mọ́lé. Èyí tí ẹ ń rọ́ sí i, inú ìfun ló ń jókòó sí, tó ń dà á láàmú."

Ó ní kó fi ògùn ara ríro sílẹ̀ pátápátá, kó sì jìnnà sí mọ́ọ̀tì òun mílíìkì, torí wọ́n ń dá kún ìṣòro kíndìnrín náà. Bí yóò bá tún lo irin, òun ni yóò sọ irú èyí tó yẹ. Inú bí mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo ìgbà tí ẹbí ọkọ mi fi ń yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ mi, kò sẹ́nì kan tó ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alájà dé. Mo ṣàlàyé, ó ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, ọmọ kékeré wo ni dókítà. Ó po mọ́ọ̀tì, ó gbé e lé ọkọ mi lọ́wọ́. Ọkọ mi wò mí, ó wo àgbà, ó gbé ife sẹ́nu. Mo kúnlẹ̀ níwájú Alájà, mo sì na ọwọ́, mo gba ife náà lẹ́nu ọkọ mi.

"Ẹ má bínú, mà. Wọn ò ní mu ún."

Ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo agbo ilé. Títí dòní, bí mo bá dé ibi ìsọmọlórúkọ, "ìyàwó tó gba ife lẹ́nu ọkọ" ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ojú ọkọ mi gan-an ni wọ́n ti ń sọ ọ́, òun tó ṣì ń kọ́ ọmọ wọn ní kéwú, tí kì í di ògiri mú mọ́ kó tó dìde. Wọ́n pa orúnkún mi rẹ́ nínú ìtàn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló wà. Orúnkún ni mo fi bọ̀wọ̀ fún Alájà. Ọwọ́ mi, ti ọkọ mi ni.