Máàkì Tí Ọládépò Fi Sílẹ̀

Nínú agboolé wọn n'Ìwó, kò sí ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́ sọ nípa géèmù tí Ọládépò rà bọ̀ láti Òṣogbo lọ́dún 1996. Ohun náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó rí pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ sì jọ ti kakulétọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní àwòrán èèyàn, orin kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ náà, Ọládépò ti pa á lẹ́nu mọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bíríkì kéékèèké ló ń já bọ́ láti òkè. Ẹni tó bá mú un dání á máa yí wọn, á máa tì wọ́n sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n lè tò láìsí àlàfo. Ìlà tó bá kún dáadáa á pòórá, èèyàn á sì gba máàkì. Bí bíríkì bá kún dókè, eré parí. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, síbẹ̀ odidi agboolé ló ń dá ẹjọ́ rẹ̀.

Àfáà Ṣàfíù, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kéú lẹ́nu ọ̀nà ilé, ló kọ́kọ́ béèrè bóyá tẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kò sí. Ó ní kí wọ́n gbé e wá kí òun fojú ara òun rí i. Ohun tí àfáà rí nínú bíríkì lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló mọ̀, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí ìrun Aláásárì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé lóòótọ́ kò sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣàítánì wà níbẹ̀. Ràfíátù, ẹ̀gbọ́n Ọládépò lóbìnrin, ní tiẹ̀, kò tilẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kàn án. Obìnrin tó fi òwò obì kọ́lé sí ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bíríkì. Ó ní bíríkì tí òun bá tò lónìí, òun á bá a níbẹ̀ lọ́la. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá tò ó dáadáa gan-an ló máa pòórá, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Ọládépò á kàn rẹ́rìn-ín ni. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni, ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń sọ pé fáìlì tó ń já lé òun lórí ní ọ́fíìsì kì í pòórá bó ti wù kí òun tò ó. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbádùn ibi tí nǹkan ti ń pòórá.

Ṣẹ̀fíátù ìyàwó rẹ̀, tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló pẹ́ jù kó tó gba ti géèmù náà. Rédíò kékeré kan wà tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé sétí ní gbogbo ìdájí. Ó ti pẹ́ tí Ṣẹ̀fíátù ti gbà pé orogún òun ni. Ní báyìí, orogún kejì tún dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ ń wẹ̀, ó mú géèmù náà lórí àga, ó ní kí òun wò ó lásán. Àwòdalẹ́ ni wò ó lásán ọ̀hún dà. Kò pẹ́ tí tọkọtaya náà fi ń bára wọn díje ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun Aláásárì, kí ojúmọmọ tó lọ, torí géèmù náà kò ní iná nínú. Ẹni tó bá pàdánù ló máa gbé omi ìwẹ̀ sí balùwẹ̀ fún ẹnì kejì. Ká má purọ́, Ọládépò ló ń gbé omi jù. Ọwọ́ tíṣà yá, ojú rẹ̀ sì ń rí àlàfo kí bíríkì tó dé ibẹ̀. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Aqeelah, tó wà nílé ọkọ ní Ilé-Ogbó, máa ń sọ bó bá wá kí wọn pé àwọn òbí òun ti padà di ọmọdé.

Àìsàn kíndìnrín ló dá eré náà dúró. Nígbà tó di pé Ọládépò kò lè dìde mọ́, ó ní kí wọ́n gbé géèmù náà wá bá òun lórí ibùsùn. Bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Ó ní kí ìyàwó òun gbé rédíò wá. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì inú rédíò, ó kì í sínú géèmù. Ṣẹ̀fíátù gbé rédíò òfìfo padà sójú fèrèsé, ẹnikẹ́ni kò sì rántí rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, Ṣẹ̀fíátù wà lẹ́yìn ilé, ó ń sẹ́ ògì tí yóò fi po ẹ̀kọ mímu fún un, ni ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá.

“Ìyá Aqeelah, wá wò ó.”

Ó ní òun ń bọ̀. Ó kọ́kọ́ fún èérí ògì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó da omi lé e, ó nu ọwọ́. Nígbà tó dé yàrá, Ọládépò ti gbé géèmù náà lé àyà, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìwọ̀nba okun tó kù lára rẹ̀. Ó ní eré ti parí kó tó dé, kò bá òun lẹ́nu rẹ̀. Ó wá na géèmù náà sí i kó rí i: nọ́ńbà márùn-ún ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, níbi tó ń fi máàkì tó ga jù sí. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò tíì débẹ̀ rí.

“Lé e bá bí o bá lè lé e bá,” ni ó wí.

Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ló kú. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, Ṣẹ̀fíátù sì bẹ̀rẹ̀ tákàbà, opó ṣíṣe oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹni tó bá ti ṣe tákàbà rí mọ̀ pé ọ̀sán ló nira jù. Láàárọ̀, àwọn èèyàn á wá kí i. Lálẹ́, oorun lè gbé èèyàn lọ. Ọ̀sán ni ilé máa ń dákẹ́, tí ibi tí olóògbé máa ń jókòó sí á máa wo èèyàn. Ọ̀sán ni Ṣẹ̀fíátù tẹ géèmù náà lọ́jọ́ kìíní lẹ́yìn ìsìnkú. Ojú rẹ̀ là, máàkì ọkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó wò ó títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán tí kò ta á.

Ẹnu kò wá rójú sinmi nínú agboolé. Àwọn kan ní ọ̀fọ̀ ti gba ọpọlọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó hàn pé ikú ọkùnrin náà kò dun ún, torí bí a bá ń sunkún a máa ń ríran lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń sunkún tó ń ta géèmù? Ràfíátù kò bá wọn sọ ọ́ lẹ́yìn. Ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ, ó bi í bóyá inú tákàbà ni wọ́n ti ń ṣeré ọmọdé nílé bàbá tó bí i. Ṣẹ̀fíátù kúnlẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n má bínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tún mú un.

Àfáà Ṣàfíù ló rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó wá ṣe àdúà fún olóògbé lọ́sàn-án kan, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ sì lọ síbi tí ọwọ́ Ṣẹ̀fíátù wà. Ó ń wò ó bó ti ń tò ó, láìsí àṣìṣe kankan, máàkì ń gòkè. Àfi bó ṣe kù díẹ̀ kó bá ti Ọládépò dọ́gba, tí obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò. Ó jẹ́ kí bíríkì máa wó lu ara wọn títí tó fi kún dókè.

Àfáà ní, “Ìyá Aqeelah, ẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù ni.”

Ṣẹ̀fíátù kò gbójú sókè. “Bí mo bá kọjá ibẹ̀, Àfáà, ẹ̀rọ yìí á pa tiwọn rẹ́, á kọ tèmi. Àwọn gan-an ló fọwọ́ ara wọn ta á. Wọ́n pè mí kí n wá wò ó, ògì ni mò ń sẹ́.”

Àfáà tó ní ọwọ́ ṣàítánì wà níbẹ̀ tún tẹ́wọ́ àdúà. Ó parí àdúà rẹ̀, ó sì sọ fún gbogbo agboolé bó ṣe ń jáde lọ pé ẹni tó bá tún bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ géèmù, òun àti ẹni náà ni. Ohun tó gbọ́ náà, ó lọ sọ ọ́ fún Ràfíátù. Láti ọjọ́ náà, Ràfíátù kò bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ wí mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ ń mú, tí tákàbà ń parí lọ, ojú géèmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nọ́ńbà tó dúdú dáadáa tẹ́lẹ̀ wá ń rí bàìbàì. Ó di kí Ṣẹ̀fíátù gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó rí i kà. Bátìrì ló ń kú lọ. Bátìrì tuntun kò wọ́n, ó lè rán ẹnikẹ́ni lọ rà á, ṣùgbọ́n bátìrì tí Ọládépò fọwọ́ ara rẹ̀ kì síbẹ̀ ni eléyìí, kò sì fẹ́ kí òmíràn gba ipò rẹ̀. Ó ṣe tán, ta ni n'Ìwó tó ń ju bátìrì nù láì tíì sá a sóòrùn? Ọládépò gan-an, bátìrì rédíò rẹ̀ kì í wọ́n lójú fèrèsé, lórí àwo tánganran kan, tí á máa yí wọn pa dà bí ẹni tó ń sá èlùbọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, rédíò á tún pariwo.

Ló bá yọ wọ́n láàárọ̀. Ó wá àwo náà rí, ó tò wọ́n sí i, ó gbé e síta síbi tí oòrùn ti mú jù. Gbogbo ọjọ́ ló fi ṣọ́ wọn, ó ń lé adìẹ fún wọn. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ó kó wọn wọlé, wọ́n gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra kì wọ́n padà, ó sì tẹ géèmù.

Ojú rẹ̀ là, ó dúdú, ó mọ́ kedere bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Níbi tí máàkì Ọládépò wà tẹ́lẹ̀, òdo ló wà níbẹ̀.

Ó pa á, ó tún tẹ̀ ẹ́. Òdo. Ó gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ bí wọ́n bá ti yọ bátìrì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un; bí Ọládépò bá rí i lọ́jọ́ tó pààrọ̀ bátìrì, kò sọ ọ́. Àwọn àgbà ní àṣìṣe kò kan ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ etí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún tí kò sun nígbà tí wọ́n gbé òkú jáde. Ràfíátù sáré wọlé, ó rò pé ẹlòmíràn ló tún kú.

Ó bi í, kí ló dé. Ṣẹ̀fíátù na géèmù náà sí i. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa wọ́n rẹ́.”

Ràfíátù gba ohun tí kò fọwọ́ kàn rí. Ó wo òdo náà, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀ díẹ̀, ó bi í bóyá ó rántí iye tó wà níbẹ̀. Ṣẹ̀fíátù ní òun rántí.

“Ṣebí o mọ̀ ọ́n ta. Tún un kọ́. Bó bá ti dé iye yẹn gẹ́lẹ́, kó o dúró.”

Ìmọ̀ràn ẹni tó ti kọ́lé rí ni. Ṣẹ̀fíátù gbà á. Ojoojúmọ́ ló wá ń lépa nọ́ńbà náà. Bí ó bá kọjá rẹ̀, á yọ bátìrì kó lè padà sí òdo, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gàn agboolé ti di ìwòran. Àwọn tó ní kò sunkún ọkọ wá ń bi ara wọn níbi ìpọnmi bóyá ó ti débẹ̀. Ní ọ̀sán kan, lẹ́yìn tó ti parí tákàbà, ó débẹ̀ gẹ́lẹ́, ó gbé ọwọ́ kúrò, bíríkì kún, máàkì náà sì jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn rọ́ wá wò ó. Àfáà Ṣàfíù ní alihamudulilai. Ràfíátù ní ó ti padà.

Ṣẹ̀fíátù wo nọ́ńbà náà pẹ́.

“Iye yẹn ni, Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n èmi ni mo ta á.”

Àwọn tó wá wòran yẹra lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun àti Ràfíátù. Ṣẹ̀fíátù ṣí ẹ̀yìn géèmù, ó yọ bátìrì. Ó dìde lọ síbi fèrèsé, ó gbé rédíò tí eruku ti bò, ó sì kì wọ́n padà síbi tí ọkọ rẹ̀ ti yọ wọ́n. Nígbà tó tàn án, ariwo lásán ló ń jáde, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ lórí páànù. Ilé-iṣẹ́ rédíò tí Ọládépò máa ń gbọ́, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ràfíátù ní kó yí i sí ibòmíràn tó ń sọ̀rọ̀.

Ó nawọ́ sí kókó tí wọ́n fi ń wá ilé-iṣẹ́ rédíò, ó sì dá ọwọ́ dúró. Ìlà pupa kékeré ojú rédíò wà níbi tí Ọládépò yí i sí ní ìdájí tó gbọ́ ọ kẹ́yìn.

“Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀,” ni ó sọ fún Ràfíátù. Ó fa ìborùn rẹ̀ yọ, ó ń fi nu eruku ara rédíò náà, iwájú àti ẹ̀yìn, omijé ń já bọ́ sí i. Ó nu gbogbo rẹ̀ tán. Kókó yẹn nìkan ni kò fọwọ́ kàn.